Kí O Tó Fi Orúkọ Rẹ Sí Ìwé Ìyapa

Ojowo,
Ìjẹ̀bú-Igbó.

Adébùkọ́lá ọmọ mi, Àdùkẹ́ ọ̀wọ́n,

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó tún jí mi ní òwúrọ̀ yìí, tí ó fún ẹsẹ̀ mi lágbára láti rìn dé ìdí tábìlì, tí kò sì jẹ́ kí ọwọ́ mi gbọ̀n ju bí ó ti yẹ kí ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n lọ. Ìyá rẹ wà ní àlàáfíà. Ó ní gàrí tí o béèrè ti wà nílẹ̀, kí ọkọ rẹ yà gbé e bí iṣẹ́ bá gbé e gba ọ̀dọ̀ wa.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo fi í sábẹ́ Bíbélì, mo lọ wẹ̀, mo sì padà wá kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìdajì rẹ̀ mú inú mi dùn. Pé yunifásítì gbà ọ́ ní olùkọ́, pé ẹ ti rí ilé sí Àgọ́-Ìwòyè, pé ọmọ yín ti ń sùn dáadáa nínú ilé tuntun, gbogbo rẹ̀ ni mo ti gbé síwájú Ọlọ́run pẹ̀lú ọpẹ́. Ìdajì kejì ni ó mú mi jókòó ti ìwé yìí.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ti lóye rẹ̀, kí o lè mọ̀ bí mo bá ṣì ọ́ gbọ́. Àwọn ènìyàn yunifásítì ti pọ̀ nínú ìjọ tí ẹ ń lọ, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ọ̀nà jíjìn tí wọn kò sì gbọ́ Yorùbá. Ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi ìsìn Gẹ̀ẹ́sì kan kún ti òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Baba Ìjọ, tí í ṣe olórí àwọn àgbà, dìde ní ìpàdé, ó ní, "Ẹni tí ó dé lánàá ni yóò wá kọ́ wa bí a ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀? Ilé tí àwọn baba wa fi orí ru bíríkì rẹ̀, àlejò kankan kò ní pín in sí méjì mọ́ wa lójú." Ọ̀kan nínú àwọn tiyín sì dá a lóhùn pé, "Ó dáa, Bàbá, ẹ jókòó ti ilé yín." Ẹ dìde, ẹ jáde. Ní báyìí, ẹ ti rí yàrá ìkàwé kan tí ẹ ó máa péjọ sí, ẹ sì fẹ́ kí a ka ìwé ìyapa yín sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ yìí. Nítorí pé o mọ èdè méjèèjì í kọ, ìwọ ni wọ́n ní kí o kọ ọ́, kí orúkọ rẹ sì ṣáájú. O ti kọ ọ́, o sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ku kí o fọwọ́ sí i. O ní kí n fún ọ ní ìbùkún kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, ìbùkún kò wọ́n lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ibi tí n ó fi í ránṣẹ́ sí, mo ní ohun kan láti sọ fún ọ tí n kò sọ fún ọ̀kankan nínú ẹ̀yin ọmọ mi rí. Ìyá rẹ nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Ìjẹ̀bú-Igbó láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Ilé wa wà létí omi, lápá Ìbíadé, ẹja ni baba mi sì ń pa. N kò mọ ẹnì kankan ní Ojowo. Opó kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó ń ṣe epo pupa, ni ó fún mi ní yàrá. Màmá Dọ́káàsì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Òun ni ó ń gbọ́ oúnjẹ mi, òun ni ó ń sọ fún mi bí aṣọ mi bá ti fẹ́ fífọ̀, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọmọbìnrin kan tí ń kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ àbúrò òun yóò dára fún mi ní aya. Ọmọbìnrin náà ni ó ń pè mí fún oúnjẹ bí mo ti ń kọ èyí.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, wọ́n ti kọ́ mi láti tẹ dùùrù, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú bí ọwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́ lókè. Ìjọ ní ọ̀kan, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n tẹ̀. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Láàárín oṣù díẹ̀, èmi ni mo ń yan orin, èmi ni mo ń sọ ẹni tí ohùn rẹ̀ tó àti ẹni tí kò tó. Bí mo bá ń kọjá lójú ọ̀nà, àwọn àgbàlagbà á máa kí mi pé, "Tíṣà onídùùrù." Mo rò pé ìfẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run ni ó ń mú orí mi wú.

Ẹgbẹ́ àdúrà kan wà nínú ìjọ nígbà náà, Bàbá Jeremáyà káfíńtà ni olórí wọn. Wọ́n bẹ àlùfáà pé kí ó jẹ́ kí àwọn máa kọ orin kan ṣoṣo lẹ́yìn ìwàásù, pẹ̀lú àtẹ́wọ́ àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àlùfáà gbà. Èmi dìde nínú ìpàdé, mo ní, "Bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá wọlé, dùùrù á jáde."

Bàbá Jeremáyà wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ṣé dùùrù ti wá ní ẹsẹ̀ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà pàápàá fi ìwé bojú.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó lè sọ ọ́ fún ara mi: ẹ̀rín yẹn ni ó dùn mí, kì í ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo ti dùùrù pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò, mo sì kó àwọn akọrin méje jáde. A ń péjọ ní yàrá ìkàwé mi. Mo kọ ìwé sí ìjọ. Ìwé náà dára púpọ̀. Mo dárúkọ Ọlọ́run nínú rẹ̀ ní ibi mẹ́sàn-án. N kò mẹ́nu kan ẹ̀rín tí wọ́n rín mi ní ibì kan péré.

Màmá Dọ́káàsì wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà náà. Tirẹ̀ gan-an ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ọ̀hún. Síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí kò gbé oúnjẹ síwájú mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó tì mí, ó ní, "Ìwọ àti dùùrù, ẹ ṣì ń bá ara yín yodì?"

Mo ní, "Màmá, èmi àti dùùrù kò jà. Ẹgbẹ́ yín ni."

Ó ní, "Dùùrù rẹ ń kọrin fún Ọlọ́run, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mi ń kọrin fún Ọlọ́run. Ọlọ́run kò tíì rán ẹnikẹ́ni sí mi pé etí ń dun òun."

"Màmá, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ni."

"Ó dáa. Jẹun kí ọbẹ̀ má baà tutù. Ẹ̀kọ́ ìsìn kì í tutù."

Kí ìjà yìí tó bẹ̀rẹ̀, ó ti fi orin kan hàn mí tí ó fẹ́ kí n tẹ̀ fún òun ní ọjọ́ ìsìnkú òun. "Má tẹ̀ ẹ́ kíákíá o," ni ó wí. "Ní ọjọ́ náà, n kò ní ibi tí mo ń kánjú lọ mọ́." A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ní ọ̀sẹ̀ keje tí mo ti jáde kúrò nínú ìjọ, àìsàn dá a gúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó lò. Mo wà níbi ibùsùn rẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ dùùrù, èmi náà kò sì sọ ọ́.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, mo wọ aṣọ dúdú, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò, mo sì dúró sábẹ́ igi obì tí ó wà ní òdì kejì ọ̀nà. Mo ń retí kí ìjọ rán ènìyàn wá bẹ̀ mí. Àwọn náà ń retí kí n wọlé fúnra mi. Láti ibi tí mo dúró sí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kò ju ogójì ẹsẹ̀ lọ. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀. Nítorí pé kò sí dùùrù tí yóò fún wọn ní ohùn, àwọn bàbá ti gbé ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí orin ti ń rọlẹ̀, kò sí ẹni tí ohùn rẹ̀ lè dé ìsàlẹ̀ ọ̀hún mọ́. Wọ́n ń kùn ún bí ẹni tí ń wá nǹkan nínú kànga. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ parí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì gbé obìnrin tí ó fi ilé rẹ̀ ṣe ilé mi kọjá níwájú mi. N kò tẹ̀ lé wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá Bàbá Jeremáyà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti kó ọ̀rọ̀ tí n ó sọ jọ lójú ọ̀nà. Mo kí i, mo sì la ẹnu.

Ó ní, "Tíṣà, di ìdí pákó yìí mú fún mi."

Mo dì í mú. Ó fi ayùn rẹ́ ẹ. Ó gbé òmíràn, mo tún dì í mú. Ó pẹ́ kí n tó bi í pé, "Bàbá, àga ta ni ẹ ń kàn?"

"Ti àwọn akọrin. Ikán ti jẹ èyí tí ẹ ń jókòó lé. Mo fẹ́ kí èyí ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó dé."

"Ta ni ó sọ fún yín pé a ó dé?"

"Ta ni ó sọ fún ọ pé ẹ ti lọ?"

Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo fi í lé orí pákó níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Bàbá, káfíńtà ni yín. Báwo ni yóò ti pẹ́ yín tó láti ṣí ohun tí kọ́kọ́rọ́ kékeré báyìí tì?"

"Kò tó kí a jẹ ẹ̀kọ kan tán."

"Kí ló dé tí ẹ kò ṣí i nígbà náà? Pàápàá ní àná?"

Ó fẹ́ eruku pákó kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n bẹ̀ mí kí n ṣí i. Mo kọ̀ fún wọn. Bí mo bá ṣí i, kí ni ìwọ yóò rí mú padà wá?"

N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní. Ẹni tí mo kà sí ọ̀tá ìjọsìn tòótọ́ ni ó ń tọ́jú ẹnu ọ̀nà fún mi. Mo padà sí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tí ó kù: àwọn méje ni mo kó jáde, márùn-ún ni ó bá mi wọlé. Ọ̀kan kó lọ sí ìlú mìíràn. Ìkejì, Sámúẹ́lì, tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti gbogbo wa lọ, ní òun ti rí i pé ọ̀rọ̀ ìjọ kò ju ìjà àwọn olùkàwé lọ, kò sì wọ ilé Ọlọ́run kankan mọ́ títí ó fi kú. Mo bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, á fún mi ní àga, á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Nítorí náà, Àdùkẹ́ mi, èyí ni ìmọ̀ràn tí mo rí fà yọ nínú àṣìṣe mi.

Èkínní, mọ orúkọ ohun tí ó ń dùn ọ́ gan-an. Mo gbé lẹ́tà tí o kọ sí mi àti ẹ̀dà ìwé ìyapa yín sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú lẹ́tà sí èmi baba rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni o kọ ọ́ pé wọ́n pè yín ní àlejò. Nínú ìwé ìyapa, ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀ rárá, ohun tí mo kà níbẹ̀ ni "ìtẹ̀síwájú iṣẹ́ ìhìn rere." Ọmọ mi, n kò bá ọ wí pé ó dùn ọ́. Ó yẹ kí ó dun ènìyàn. Ìjọ tí ó bá pe onígbàgbọ́ ní àlejò níwájú pẹpẹ ti gbàgbé ẹni tí ó ni ilé. Ṣùgbọ́n bí ọgbẹ́ bá ń dùn ọ́, fi ọgbẹ́ hàn. Má ṣe fi aṣọ ìhìn rere dì í.

Èkejì, gbọ́ ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ Baba Ìjọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi kò sì fẹ́ jẹ́ àgbà òṣìkà lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí n kò rí rí. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ pé àgbẹ̀ ni, pé Bíbélì Yorùbá nìkan ni ó lè kà, pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ń gbé nílé. Ọkùnrin tí ó ti ń fi èdè kan bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, tí àwọn ọ̀mọ̀wé wá sọ fún un pé èdè mìíràn ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kí ohun tí ó gbọ́ jẹ́ pé kí òun dìde lórí àga. Ẹ béèrè ohun rere lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n wá kàwé láti ọ̀nà jíjìn, ebi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ń pa àwọn náà. Ṣùgbọ́n ta nínú yín ni ó ti lọ jókòó nílé rẹ̀ kí ìpàdé tó dé? Nílẹ̀ wa níbí, a kì í fi ọ̀rọ̀ ńlá pàdé àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní gbangba. Ìwọ mọ èyí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ láti ọ̀nà jíjìn lè má mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni ó yẹ kí o sọ fún wọn, o kò sì sọ. Mo rò pé apá tìrẹ nínú ẹ̀bi náà nìyẹn, mo sì ń fi ìfẹ́ sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, ka àwọn tí kò ní lè tẹ̀lé ọ. O sọ fún mi nípa ìyá arúgbó tí ń gbé lẹ́yìn ilé yín, tí ojú rẹ̀ ti ṣú, tí o ń jókòó tì lẹ́yìn ìsìn láti tún ẹ̀kọ́ kíkà ọjọ́ náà kà fún. O ní ó ń pè ọ́ ní "ojú mi." Bí o bá lọ sí yàrá ìkàwé, ta ni yóò jẹ́ ojú rẹ̀? Ka àwọn tí yóò tẹ̀lé ọ náà, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n bá kọ́ lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ Ìsinmi yìí ni wọn yóò mú lọ sí ìlú wọn. Bí o bá kọ́ wọn pé ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ líle ni kí a ṣí ilẹ̀kùn jáde, wọ́n ó ṣí i ní ilé ọkọ, wọ́n ó ṣí i ní ibi iṣẹ́, wọ́n ó sì ṣí i fún ẹ̀yin náà ní yàrá ìkàwé yín, lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún wọn. Ẹni tí ó kó ènìyàn jáde kọ́ ni ó ń yan iye tí yóò padà. Mo ti sọ ti Sámúẹ́lì fún ọ.

Má ṣe rò pé ohun tí mo ń wí ni pé kí gbogbo Kristẹni wọ inú ilé kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó fẹ́ ọkọ sí Awà ti wà nínú ìjọ Aládùúrà ju ogójì ọdún lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá a lọ síbẹ̀, ó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ́ bàtà rẹ, Tíṣà. Ilẹ̀ mímọ́ ni."

"Àǹtí, ìbọ̀sẹ̀ mi ti ya."

"Ọlọ́run ti rí i tipẹ́. Bọ́ ọ."

Mo bọ́ ọ. A jọ kúnlẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ń yọjú sí gbogbo ìjọ. Bí ọmọ kan bá ń ṣàìsàn nílé wa, òun ni ó kọ́kọ́ ń gbààwẹ̀. Bí ẹnì kan bá kú nílé wọn, àwọn akọrin wa ni ó ń lọ kọrin. Orúkọ ìjọ méjì, aṣọ ìsìn méjì, ṣùgbọ́n kò sí ìyapa láàárín wa. Ìyàtọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí inú mi máa dùn pé ẹni tí mo fi sílẹ̀ ń kọrin láìsí ohùn. Olúwa wa, ní ọjọ́ tí ìrora rẹ̀ súnmọ́lé, kò gbàdúrà pé kí àwọn tirẹ̀ jọ máa kọ orin kan náà. Ó gbàdúrà pé kí wọ́n jẹ́ ọ̀kan. Ìfẹ́ ni ó ń ṣe èyí, ìfẹ́ sì máa ń ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀: ó ń bẹ aláìsàn wò, ó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ tí kò kàn án, ó ń di ìdí pákó mú.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Kò burú. Èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ṣe pàtàkì jù.

O ní kí n súre fún ọwọ́ tí yóò kọ orúkọ. N kò ní ṣe é báyìí. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ nìyí. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí o bá ti kúrò níbi iṣẹ́, mú ìwé ìyapa náà, kí o sì lọ sí ilé Baba Ìjọ. Kí ọkọ rẹ bá ọ lọ, ṣùgbọ́n kí ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọ. Kúnlẹ̀ kí i bí a ti kọ́ ọ nílé. Bí wọ́n bá gbé omi tàbí oúnjẹ wá, má ṣe kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì ka ìwé náà sí i létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní Yorùbá, kí ojú rẹ sì wà lójú rẹ̀. Ibi tí ohùn rẹ bá ti há, dúró níbẹ̀. Pa ìwé dé, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ pè wá ní àlejò, ó sì dùn wá." Jẹ́ kí ó fèsì. Bí ó bá bínú, jẹ́ kí ó bínú tán. Nígbà tí ó bá parí, bi í léèrè ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Tọrọ ìdáríjì fún ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú yín sọ sí i ní ìpàdé, nítorí pé ọmọdé kì í sọ irú rẹ̀ sí àgbà. Lẹ́yìn èyí, tún bẹ̀bẹ̀ fún ìsìn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ọmọ ilé.

Bí o bá lè ka gbogbo ìwé náà tán níwájú rẹ̀ láìsí ibì kankan tí ojú ti tì ọ́, tí òun náà sì ní kí ẹ máa lọ, a jẹ́ pé ọ̀nà ti là. Fọwọ́ sí i. Èmi fúnra mi ó wọkọ̀ wá sí Àgọ́-Ìwòyè, n ó sì gbàdúrà ìṣílé fún yín ní yàrá ìkàwé yín. Lẹ́yìn náà, èmi àti ìwọ ó jọ lọ kí Baba Ìjọ. Ṣùgbọ́n ohun tí o kò bá lè kà sí ènìyàn létí nínú ilé rẹ̀, má ṣe jẹ́ kí a kà á sí i lórí níwájú ìjọ. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ọmọ mi. N kò fẹ́ kí o mọ bí ó ti rí.

Mo mọ̀ pé o ó lọ. Mo mọ irú ọmọ tí Ọlọ́run fún mi. Nítorí náà, ìbùkún tí n kò fi sórí ọwọ́ tí yóò fọwọ́ sí ìwé, mo fi í sórí ẹsẹ̀ tí yóò rìn lọ sí ilé bàbá náà. Kí Ọlọ́run ṣíwájú rẹ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kí ó fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ sí ọ lẹ́nu, kí ó sì fi etí gbígbọ́ fún un.

Kí Olúwa kí ó wà nínú ilé ìwọ àti ọkọ rẹ. Kí iṣẹ́ tuntun rẹ má ṣe di ẹrù lé ọ lórí. Kí ọmọ yín dàgbà láàárín àwọn ènìyàn Ọlọ́run, kí ọ̀pọ̀ àgbà máa pè é ní ọmọ wọn. Kí oúnjẹ máa tó nínú ìkòkò yín fún ẹni tí ẹ pè àti ẹni tí ẹ kò pè. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá kọjá ìloro yín má ṣe jẹ́ àlejò lọ́dọ̀ yín, kí ẹ̀yin náà má sì ṣe jẹ́ àlejò níbikíbi tí a bá ti ń pe orúkọ Jésù. Àṣẹ.

Èmi ni baba rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ.